"Iṣan ọpọlọ" ò bá neuron mu

Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ́ àwọn ọmọ Èkìtì ní ìmọ̀ ọpọlọ. Àbá mẹ́ta lẹ gbé wá: "iṣan ọpọlọ" fún neuron (sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣẹ́ kiri nínú ọpọlọ àti ara), "ìsopọ̀ iṣan" fún synapse (ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń jíṣẹ́ fún òmíràn), "àtè ọpọlọ" fún glia (àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ran neuron lọ́wọ́). Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Ẹrù tó wà lórí "iṣan" ti pọ̀ jù. Ẹ dé ìsọ̀ ẹlẹ́ran l'Ọ́jà Ọba, Adó-Èkìtì, ẹ ní iṣan lẹ fẹ́: fọ́nrán funfun tó yi, tó so ẹran mọ́ egungun, ni wọn yóò gé fún yín. Iṣan tí nọ́ọ̀sì ń wá lápá aláìsàn, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ yín ṣàlàyé bí apá ṣe ń gbéra: "iṣan jíṣẹ́ fún iṣan, iṣan sì súnkì." Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló máa mọ èyí tó ránṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó gbà á? "Sẹ́ẹ̀lì ajíṣẹ́" ni tèmi. Sẹ́ẹ̀lì ni neuron: ó ní ara, ó ní ẹ̀ka tó fi ń gba iṣẹ́, ó sì ní okùn gbọọrọ tó ń gbé e lọ síwájú. Èyí tó ti ẹ̀yìn lọ sí ẹsẹ̀ àgbàlagbà lè gùn tó mítà kan.

"Ìsopọ̀" ló dùn mí jù. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ló ti jà lórí rẹ̀: Camillo Golgi ní gbogbo sẹ́ẹ̀lì ajíṣẹ́ so kọ́ra bí àwọ̀n; Santiago Ramón y Cajal ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906, síbẹ̀ wọn ò gbà fún ara wọn. Ní àwọn ọdún 1950, awò alágbára fi àlàfo hàn láàárín sẹ́ẹ̀lì méjì, bíi 20 nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà). Cajal ló jàre. Bí a bá wá ń sọ "ìsopọ̀", àṣìṣe Golgi là ń kọ́ ọmọ.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Iná kékeré sáré dé òpin okùn, kálísíọ́mù wọlé, àwọn àpò wíńníwínní da kẹ́míkà tó wà nínú wọn sínú àlàfo, sẹ́ẹ̀lì òdìkejì sì gbà á. Oró àwọn ejò kan nínú ẹ̀yà ṣèbé máa ń dí ibi ìgbà yẹn lára ẹran ara. Iṣẹ́ ń bọ̀, kò sẹ́ni tó gbà á: ìpéǹpéjú á kọ́kọ́ wálẹ̀, tó bá yá, èémí ò ní lè jáde mọ́.

Kí la ó wá pe synapse? "Àlàfo ìjíṣẹ́" dára, àmọ́ àwọn synapse kan wà tí ihò tóóró so sẹ́ẹ̀lì méjèèjì, tí iná ń gbà kọjá tààrà. "Ojú ìjíṣẹ́" ni tèmi, ó gba oríṣi méjèèjì. (Ẹni tó ń pe ilé ní "ulé" lè pè é ní "ojú ùjíṣẹ́", ìtumọ̀ ò yí.)

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní 2024, wọ́n gbé máàpù odindi ọpọlọ eṣinṣin èso jáde: sẹ́ẹ̀lì ajíṣẹ́ 139,255, ojú ìjíṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 50. Wọ́n rẹ́ ọpọlọ náà sí ègé bíi 7,000, wọ́n ya fọ́tò wọn, kọ̀ǹpútà sì ń tọ okùn kọ̀ọ̀kan láti ègé dé ègé. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣi okùn méjì mú, á so wọ́n di ọ̀kan, ọmọ ènìyàn á sì tún un ṣe. Àṣìṣe yẹn ni "ìsopọ̀" bá mu gan-an.

Ti "àtè", ìtumọ̀ orúkọ àtijọ́ ni, nígbà tí wọ́n rò pé glia kàn lẹ ọpọlọ pọ̀ ni. Àwọn kan nínú wọn ń wé ọ̀rá mọ́ okùn kí iṣẹ́ lè yá, àwọn mìíràn ń gbá kẹ́míkà tó ṣẹ́kù kúrò, àwọn kan sì ń jẹ ojú ìjíṣẹ́ tí kò wúlò mọ́. "Sẹ́ẹ̀lì alágbàtọ́" ni mo dábàá.

Dendrite, ìyẹn ẹ̀ka tí sẹ́ẹ̀lì ajíṣẹ́ fi ń gba iṣẹ́, ló kù. "Ẹ̀ka ìgbaṣẹ́" ń mú ọkàn lọ síbi tí wọ́n ti ń gbani síṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní òmíràn?