Níbo ni a ti lè rí ẹ̀dà fíìmù Ògúndé tí ó mọ́ kedere?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo ń wá ẹ̀dà tí ó dára ti Aiyé, fíìmù Hubert Ògúndé tí ó jáde ní 1979. Ilé sinimá ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti da èyí tí mo rà lọ́jà kọ: ojú àwọn òṣèré ṣú, ariwo sì bo ọfọ̀, tí ó jẹ́ adùn iṣẹ́ náà gan-an, mọ́lẹ̀ débi pé àwọn ọmọ mi kò gbọ́ ọ. Ó dùn mí púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó mọ ibi tí a ti lè ra ojúlówó? Bí kò bá sí, ṣé kí n gbé kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi, tí nǹkan funfun ti hù sí lára, fún ẹni tí yóò dà á sórí kọ̀ǹpútà, àbí ẹ̀rọ lè já a?