Òde àríyá àti míìsì (orin púpọ̀ tí DJ so mọ́ra) tí a gbà sílẹ̀: ẹ̀yin DJ, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

DJ kan, Ìbàdàn

Òde ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni mo ti ń jẹun. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó ni mò ń wò níbẹ̀ ju ojú kọ̀ǹpútà lọ. Ní Sátidé kan ní Bódìjà, ìyá ìyàwó bọ́ sójú agbo, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká, owó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. (Èyí ṣẹlẹ̀ kí EFCC tó mú ọ̀rọ̀ náírà níná le ní 2024.) Orin jùjú tó ń lọ lọ́wọ́ ti fẹ́ kúrò níbi tí wọ́n ti ń kí èèyàn. Mo mú bíìtì 32 níbẹ̀, mo jẹ́ kó máa yípo títí àwọn tó ń ṣa owó fi kó o tán nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fura. Ká ní inú míìsì tí mo gbà sílẹ̀ ni mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò á ti fò ó kọjá.

Jùjú àti fújì àtijọ́ ló ń dán ọwọ́ DJ wò. Èèyàn ló lù wọ́n: bí orí onígángan bá gbóná, bíìtì á sáré, bí ọ̀gá bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á rọlẹ̀. Nínú àwo Sunny Adé àti Ebenezer Obey nígbà yẹn, ojú kan lè lọ fún bí ìṣẹ́jú 18 láìdúró, orin kan á máa wọnú òmíràn. Ẹ wá fi amapiano, orin ijó South Africa tó sábà ń wà láàárín 112 sí 115 BPM (iye bíìtì ní ìṣẹ́jú kan), tí kì í yẹ̀, pàdé irú orin bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì sync, tó ń bá DJ mú bíìtì orin méjì dọ́gba, kò ní gbà yín sílẹ̀. Orí Technics SL-1200MK2, ẹ̀rọ àwo tó jáde ní 1979, ni ọ̀gá mi ti kọ́ mi. Pitch rẹ̀, ibi tí a ti ń mú orin yára tàbí falẹ̀, kò kọjá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún sókè tàbí sísàlẹ̀, etí sì ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ kọ́ wa láti lò. Bí mo bá wà nílé, mo lè to bíìtì jùjú lẹ́yọ lẹ́yọ, ṣùgbọ́n mi ò kì í tò ó tán. Bó bá gún bí ìlà rúlà, a ti gba ẹnu onígángan yẹn.

Òde ni mo ti ń mọ ẹni tó jẹ́ DJ.

DJ kan, Peckham

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ní London níbí, ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ló ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ariwo. Tóhùn bá kọjá ìwọ̀n, á pa iná mọ́ ẹ̀rọ yín lójú agbo. Mo máa ń yọ báàsì orin àkọ́kọ́ kúrò kí n tó jẹ́ kí ti èkejì wọlé. Àwọn òbí ń retí jùjú, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ń retí amapiano. Orin tó bá mú ìyá àti ọmọ jọ dìde, mi ò kì í tètè yọ ọ́. Ní ti míìsì, Mixcloud, ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń gbọ́ míìsì, ni mò ń gbé tèmi sí, torí YouTube lè dá orin olórin mọ̀ kó sì tì í.

DJ kan, Èkó

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, mo bọ̀wọ̀ fún òde, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ gbólóhùn tẹ́ ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín yẹn. Lóde, ohun tí kò bá dọ́gba á bá ariwo lọ. Nígbà tí CD míìsì ń jáde láti Alábà, tí wọ́n ń tà á nínú gósíló, ẹyọ kan ṣoṣo ni dánfó kan lè máa lù láti àárọ̀ dalẹ́. Kọ́ńdọ́ á ti mọ ibi tí orin ti fẹ́ yí sí òmíràn, á sì ti máa kọ èyí tó ń bọ̀ kó tó dé. Etí kọ́ńdọ́ yẹn ni mò ń ṣe míìsì fún. Kí n tó gbé e jáde, mo máa ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò, mo tún máa ń gbọ́ ọ lórí fóònù tí kò ní báàsì. Bí ibì kan bá sọnù lórí fóònù, mo máa ń lu gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, mi ò kì í gé e lẹ̀ mọ́ra. Ta ló tún ń gba tiẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdúró?