Wọ́n ní kòkòrò wà lọ́fun ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ le koko

Ìyá Ìbejì, Aṣéró: Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwọn elétò ìlera wá fi òwú nu ọ̀fun àwọn ọmọ níléèwé. Èsì ti dé: wọ́n ní kòkòrò streptococcus wà lọ́fun Táyé, kò sí lọ́fun Kẹ́hìndé. Táyé yìí ò wúkọ́, ara rẹ̀ ò gbóná, ó jẹ ẹ̀bà lálẹ́ àná, ó tún ní kí n bu kún un. Oníkẹ́mísì àdúgbò wa ní kí gbogbo ilé lo kápúsù. Ìyá ọkọ mi ní ká lọ dá bẹ̀lúbẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà: Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan ọ̀fun ọmọ yẹn o! Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà kó má dá, abẹ tí ò mọ́ sì lè kó àìsàn ràn án. Nínú ọmọ iléèwé 100 tí ara wọn yá, bíi 10 lè ní kòkòrò yìí lọ́fun. Ó kàn ń gbé ibẹ̀ ni, kì í sì í sábà ràn. A kì í fún irú wọn lóògùn, àfi bíi tí ẹnì kan nínú ilé bá ti ní ibà làkúrègbé rí, ìyẹn àìsàn tí ọ̀fun dídùn tí kòkòrò yìí fà lè dà, tó ń mú oríkèé wú, tó sì ń ṣe ọkàn lọ́ṣẹ́.

Bàbá Àyọ̀, Ọbáńtokò: Tí ọ̀fun bá wá ń dùn ún lọ́la ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà: Tó bá ń wúkọ́, tí ikun ń dà nímú rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ há, fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń jẹ́, kápúsù ò ràn án. Ṣùgbọ́n tí ọ̀fun bá ṣàdédé ń dùn ún tí kò lè gbé itọ́ mì, tí ibà dé, tí kókó sọ lọ́rùn, tí ẹ sì rí funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun, ẹ gbé e wá sọ́sibítù. Penicillin tàbí amoxicillin la máa ń fún wọn, ọjọ́ 10 gbáko. Ara á ti yá kí oògùn tó tán, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lò ó tán. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ 9 tó pé tí ọ̀fun ti ń dùn ún, kì í sábà di ibà làkúrègbé.

Ìyá Rónkẹ́, Láfẹ́nwá: Òótọ́ ni. Ọ̀fun dun ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní yóò lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, orúnkún rẹ̀ wú, ó kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sí ọrùn ọwọ́. A rò pé bọ́ọ̀lù ló fà á. Oṣooṣù ló ń gba abẹ́rẹ́ báyìí nítorí ọkàn.

Ìyá Ìbejì, Aṣéró: Ẹ ṣeun gan-an. Kí ni kí n wá sọ fún ìyá ọkọ mi?

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà: Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ mú wọn dání wá, èmi fúnra mi á ṣàlàyé fún Màmá.