Fọ́ǹtì wo ni kò ní da àmì ohùn rú nínú ìwé Yorùbá?

Alákọsílẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń kọ ìwé ìtàn kan lédè Yorùbá. Lórí kọ̀ǹpútà mi, kò sí wàhálà. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé ṣí fáìlì náà, àmì orí ẹ́ àti ọ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn di àpótí kéékèèké. Fọ́ǹtì wo ni kí n lò? Ṣé Word ni kí n fi kọ ọ́ ni tàbí LibreOffice?

Atẹ̀wé: Fọ́ǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní kóòdù lórí kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní kóòdù tiwọn (1EB9, 1ECD, 1E63), ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń gbé àmì lé lẹ́tà lórí, 0301 fún àmì òkè, 0300 fún àmì ìsàlẹ̀. Bí wọn kò bá kọ ibi tí àmì yóò jókòó sí sínú fọ́ǹtì, á yẹ̀ ni. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Charis ni mo fara mọ́ fún ìwé ìtàn, ní ìwọ̀n 11. Ẹ tẹ *Ọ̀ Ẹ́ ọ̀ ẹ́ m̀* wò, ẹ sọ ọ́ di bold àti italic, torí fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Olùkọ́ Èdè: Ẹ má fi Ctrl+U fa ìlà sábẹ́ e dípò ẹ. Ìlà yẹn kì í ṣe ara lẹ́tà. Bí ẹ bá dà á kọ sórí WhatsApp, ìlà á pòórá, ọkọ á sì di oko.

Atẹ̀wé: Word àti LibreOffice, èyí tó bá wà lọ́wọ́ yín náà ló dára. Kí fọ́ǹtì bá fáìlì rìn ló ṣe pàtàkì. Nínú Word: File, Options, Save, kí ẹ fàmì sí Embed fonts in the file. Nínú LibreOffice: File, Properties, Font. Ẹ fi ẹ̀dà PDF rẹ̀ kún èyí tí ẹ máa fi ránṣẹ́. Ẹ wo ààyè àárín ìlà pẹ̀lú: bí ó bá wà ní Exactly nínú Word, ó lè gé orí Ọ̀ kúrò. Ẹ lo Multiple, 1.15.

Alákọsílẹ̀: Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ kan wà lójú ìwé, àmọ́ Find tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ kò rí i. Kí ló fà á?

Olùkọ́ Èdè: Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà méjì ni ẹ gbà tẹ ẹ́ inú rẹ̀. Ọ̀kan kọ ẹ tó sì fi àmì òkè lé e, èkejì kọ é tó wá fi àmì abẹ́ (0323) sí i. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, Find sì lè fo ọ̀kan. Ẹ da èyí tí ẹ kò fẹ́ kọ sínú Find, èyí tí ẹ fẹ́ sínú Replace. Kí ẹ tó tẹ Replace All, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sí ibòmíràn ná.