Kí la lè sè ti tòlótòló lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní Kérésì? Àti iyọ̀ ọsàn tí kò ní korò

Olùbéèrè: Ẹ kú ìmúra ọdún o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́ńdọ́ọ̀nù la wà, ènìyàn mẹ́jọ ló ń bọ̀ wá jẹun lọ́jọ́ Kérésì. Jọ̀lọ́ọ̀fù àti tòlótòló ti dájú. Ohun tí mo ń wá ni nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò le, tí mo lè gbé tì wọ́n: pòtétò, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀fọ́ ìgbà òtútù. Ófùnù kan ṣoṣo ni mo ní. Mo tún fẹ́ fi èèpo ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù ṣe iyọ̀ olóòórùn dídùn. Kí ló ń mú un korò, kí ló sì ń mú un dì nínú ìgò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwọ̀n sí i.

Ìyá Ìbejì: Àbúrò mi, iyọ̀ ni kí o kọ́kọ́ ṣe, lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọdún. Lẹ́mọ́ọ̀nù mẹ́ta, ọsàn ńlá kan, iyọ̀ òkun oníhóró gíráàmù 120. Lẹ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ "unwaxed" sí ni kí o rà. Wọ́n máa ń fi ìda pa àwọn yòókù lára kí wọ́n lè máa dán. Bí o kò bá rí i, fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí o sì nù ún gbẹ dáadáa.

Àwọ̀ òde nìkan ni kí o fi gréétà rin. Ibẹ̀ ni òróró tó ń ta sánsán wà. Funfun abẹ́ rẹ̀ ló ń korò. O mọ bí àwọn ọlọ́sàn ṣe máa ń bó ọsàn nílé, tí èèpo á fẹ́lẹ́, tí ara ọsàn á ṣì funfun? Ibi tí ọ̀bẹ wọn dúró sí gan-an ni kí gréétà rẹ dúró.

Da èèpo tí o rin sórí iyọ̀, kí o fi ìka rún un pọ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì, títí iyọ̀ á fi rin díẹ̀. Tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí bébà nínú tíréè, kí o gbé e sínú ófùnù ní 80°C fún ìṣẹ́jú 40 sí wákàtí kan. Máa rò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí èèpo bá ti ń rún lọ́wọ́, ó ti tó. Bó bá di búráùn, ó ti jóná nìyẹn, òun náà á korò. Kó tutù pátápátá kó tó wọ ìgò. Ooru tí o bá dé mọ́ inú ìgò ló ń di omi, òun ló ń mú iyọ̀ dì. Má sì fi oje kankan sí i o, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé kí o fi sí i kò fẹ́ kó pẹ́.

Alásè: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Èmi ò ní gbé e sínú ófùnù rárá. Ilé tí wọ́n ti ń tan hítà nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní kíṣìnnì fún ọjọ́ kan sí méjì, òórùn rẹ̀ á lágbára ju ti ófùnù lọ.

Tó bá di pòtétò, kílò méjì tó fún èèyàn mẹ́jọ. Irú pòtétò tí wọ́n ń pè ní Maris Piper tàbí King Edward ni kẹ́ ẹ rà. Àwọn pòtétò tí kì í fọ́ bí wọ́n bá jinná kò wúlò fún èyí. Ẹ bó o, ẹ gé e, ẹ gbé e ka iná pẹ̀lú omi tútù, iyọ̀ àti ìdajì ṣíbí kékeré baking soda. Soda yẹn ló ń mú kí ara rẹ̀ rọ̀. Bó bá ti hó, ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ dà á sínú asẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ooru omi kúrò lára rẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbọ̀n ọ́n títí etí rẹ̀ á fi họ. Òróró mìlílítà 150 ti gbọ́dọ̀ gbóná nínú tíréè ní 220°C (200°C bó bá jẹ́ ófùnù onífáànù) kí pòtétò tó wọ̀ ọ́. Ẹ má kó o jọ: bí wọ́n bá fún mọ́ra, ńṣe ni wọ́n máa ń sè, wọn kì í yan. Ẹ yí i padà ní ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo rẹ̀ á gbà tó ìṣẹ́jú 50 sí 60.

Ti ófùnù kan ṣoṣo: bí tòlótòló bá jáde, ó yẹ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan kẹ́ ẹ tó gé e. Àkókò pòtétò nìyẹn.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí n bu iyọ̀ ọsàn yẹn sí pòtétò kó tó wọ ófùnù?

Alásè: Rárá o. Ní 220°C, èèpo á jóná kí pòtétò tó pọ́n. Bó bá ti jáde ni kẹ́ ẹ wọ́n ọn lé e, nígbà tí òróró ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ rántí pé jọ̀lọ́ọ̀fù ti níyọ̀, ẹ má fi ọwọ́ líle bù ú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kárọ́ọ̀tì kò nílò ófùnù. Kílò kan, bọ́tà gíráàmù 30, oje ọsàn méjì, omi ìdajì ife. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣí i kí omi gbẹ títí á fi máa dán. Ó parí.

Brussels sprouts, ẹ̀fọ́ róbótó kékeré tó dà bíi kábéèjì, ni wọ́n máa ń bà jẹ́ jù. Bí ẹ bá bọ̀ ọ́ pẹ́, òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ló máa jáde. Ẹ là á sí méjì, ẹ da ojú tí ẹ gé dé inú páànù tó gbóná tó ní òróró, ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wá wọ́n omi ṣíbí ńlá mẹ́ta sí i, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Lẹ́mọ́ọ̀nù di orí tábìlì, torí kíkan rẹ̀ máa ń pa àwọ̀ ewé dà sí ràkọ̀ràkọ̀.

Kábéèjì pupa yàtọ̀ ní tirẹ̀: ìbẹ̀rẹ̀ ni kíkan ti ń wọ̀ ọ́. Omi Lọ́ńdọ́ọ̀nù le (ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀), ó lè sọ ọ́ di búlúù bí kò bá sí nǹkan kíkan nínú ìkòkò. Kábéèjì kílò kan, ápù méjì, oje ọsàn méjì, fínígà ṣíbí ńlá mẹ́ta, ṣúgà ṣíbí ńlá méjì, iná kékeré fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ẹ sè é ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ fi sí fíríìjì. Ó máa ń dùn sí i.

Olùbéèrè: Lẹ́mọ́ọ̀nù mẹ́ta tí mo ti rin èèpo rẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Fún un lọ́jọ́ náà gan-an, torí èyí tí kò ní èèpo mọ́ kì í pẹ́ gbẹ. Da oje rẹ̀ sínú tíréè yìnyín, kó dì. Ẹyọ kan tó sprouts odindi páànù kan.