Ṣé “wò” ni tàbí “ṣọ́”? Èsì lórí ìtumọ̀ orin Every Breath You Take

Ẹ̀yin ará nínú ìjíròrò yìí, mo kí yín láti Kàbà, okun o.

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìsánlú kọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí á túmọ̀ àkọlé orin Every Breath You Take, tí ẹgbẹ́ olórin The Police gbé jáde ní ọdún 1983, sí “Gbogbo Èémí Tí O Bá Mú”, kí á sì túmọ̀ ègbè rẹ̀, “I'll be watching you”, sí “èmi yóò máa wò ọ́”. Wọ́n tún ní kí á máa pe orin tí olórin dá gbé jáde, tí kò dúró de odidi àwo (“single”), ní “àdáyọ”, kí á sì máa pe orin tó bá gba ìgboro (“hit”) ní “àlùbà”. Mo fara mọ́ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́ta yòókù ni mo ní àríyànjiyàn lé lórí, “wò” ló sì dùn mí jù.

Kí n tètè kúrò lórí “mú”. A kì í mú èémí ní èdè wa. Mímí là ń mí in. Bí a bá fẹ́ pa ìtumọ̀ àkọlé náà mọ́, “Gbogbo Èémí Tí O Bá Mí” ni. Ó tilẹ̀ bá orin náà mu ju bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe lè rò lọ, nítorí pé bí ẹnìkan bá ń fojú sí wa lára jù láàárín wa, ohun tí a máa ń sọ ni pé kò jẹ́ kí á rímú mí.

Ní ti “wò”, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí orin náà ti ṣẹ̀. Sting, akọrin ẹgbẹ́ The Police, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Gordon Sumner, ló kọ ọ́ ní ọdún 1982 ní erékùṣù Jàmáíkà, nígbà tí ìgbéyàwó òun àti Frances Tomelty ń tú ká. Ilé tó wọ̀ sí ni Goldeneye, ilé tó jẹ́ ti Ian Fleming nígbà kan rí, orí tábìlì tí Fleming ti kọ àwọn ìtàn James Bond ni òun náà sì jókòó tì. Ó sọ pé òru lòun jí, tí gbólóhùn kan ti wà lọ́kàn òun, àti pé láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí orin náà ti parí. (Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ilé tí wọ́n ti kọ ìtàn amí ni orin yìí náà ti wá.) Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé orin ìfẹ́ lòun kọ́kọ́ pè é, kó tó yé òun pé owú, ìṣọ́ni àti fífi ènìyàn ṣe ohun ìní ló wà níbẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé àwọn tọkọtaya ń fi ṣe orin ìgbéyàwó wọn.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni dídùn rẹ̀. Gìtá Andy Summers, ọmọ ẹgbẹ́ náà, ń kán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí omi òjò tó ń kán sílẹ̀ láti etí páànù, kò yára, kò sì dẹwọ́, Stewart Copeland, onílù wọn, sì ń lu ìlù rẹ̀ pẹ̀lú ìkóra-ẹni-níjàánu. Erékùṣù Montserrat ni wọ́n ti gbohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ló fi wà ní ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Grammy fún orin tó dára jù lọ lọ́dún náà.

Níbi ìdána kan ní Ìyàrà, díjeè fi orin yìí sí i bí ọkọ ìyàwó ṣe ń wọlé. Alága ìdúró, tí kò fẹ́ kí àwọn àgbà jókòó bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì túmọ̀ rẹ̀ pé: “Ọkọ ní gbogbo ibi tí ìyàwó òun bá fẹsẹ̀ tẹ̀, òun á máa ṣọ́ ọ o!” Ìyá arúgbó kan tó jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún mi yí ojú sí mi, wọ́n rọra bi mí pé: “Kí ló jí?” Nígbà tí alága rí i pé àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, ó yí ọ̀rọ̀ náà padà, ó ní ìtọ́jú lòun ní lọ́kàn. Màmá ní “ẹ̀n-ẹ́n”, wọ́n sì tún gèlè wọn ṣe. Màmá yìí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan péré ti tó fún wọn láti gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ orin náà kò gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀rọ̀ náà ni “ṣọ́”. À ń ṣọ́ oko, à ń ṣọ́ ilé, a ní olùṣọ́-àgùntàn, a sì ń ṣe ìṣọ́ òru. Bí a bá sì gbọ́ tí ẹnìkan ní “wọ́n ń ṣọ́ mi”, kò sí ẹni tí yóò bá a dúpẹ́. Lójú tèmi, ohun tí à ń ṣọ́ ló ń ya ìtumọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ iṣu ń dáàbò bo ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá wá ń ṣọ́ àgbàlagbà tó lè dá rìn, yálà ó fura sí i, tàbí ó ti sọ ọ́ di iṣu tirẹ̀. Ohun tí ẹni inú orin náà ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń fi ohùn ẹni tó ń dáàbò boni sọ̀rọ̀ ẹni tó gbà pé òun ló ni obìnrin náà. “Wò” kò lè ru ẹrù yìí. À ń wo tẹlifíṣọ̀n, dókítà ń wo aláìsàn. Bí o bá sọ fún ènìyàn pé ìwọ yóò máa wò ó, ó lè bi ọ́ léèrè oògùn.

Ẹnìkan nínú wa tún dábàá “dọdẹ”. Èyí sún mọ́ òótọ́ ju “wò” lọ, ṣùgbọ́n ó ń tú àṣírí orin náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí tọkọtaya tí yóò fi “èmi yóò máa dọdẹ rẹ” jó níbi ìgbéyàwó, àṣìgbọ́ yẹn sì wà lára ìtàn orin náà, kò yẹ kí ìtumọ̀ wa pa á rẹ́. Ní ọdún 1997, àwọn olórin Amẹ́ríkà, Puff Daddy àti Faith Evans, lo gìtá kan náà láti fi dárò olórin ráàpù Notorious B.I.G. tí wọ́n yìnbọn pa ní oṣù kẹta ọdún náà, orin owú sì di orin arò. “Ṣọ́” kò ní kọsẹ̀ níbẹ̀ pàápàá, ṣebí a máa ń bẹ òkú wa pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀.

Mo gba “àdáyọ” wọlé. “Àwo kékeré” ìbá tó nígbà tí orin bẹ́ẹ̀ ń jáde lórí àwo kékeré tó ní ojú méjì, ṣùgbọ́n lónìí orí fóònù ni ọ̀pọ̀ orin ń já sí, a kò sì rí àwo kankan. N kò retí kí ará ọjà máa pè é bẹ́ẹ̀ ṣá. “Orin tuntun” ni wọn yóò máa wí. Ní ti “àlùbà”, Gẹ̀ẹ́sì ló ń lu nǹkan níbẹ̀, àwa kò lu nǹkan kan. Orin tó bá di ti gbogbo ènìyàn, a ní ó gbòde. Bí a bá fẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, “agbòde” wà nílẹ̀. Pọ́ọ̀pù àti rọ́ọ̀kì, ẹ jẹ́ kí á fi wọ́n sílẹ̀ bí a ṣe fi jáàsì sílẹ̀.

Bí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìsánlú bá ní ẹ̀rí pé “wò” ń ṣe iṣẹ́ “ṣọ́” ní Yàgbà, ẹ̀ka-èdè tiwọn, mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fi gbólóhùn kan tó ti ẹnu àgbà jáde ránṣẹ́ sí wa, kí ó má jẹ́ èyí tí a hun lórí tábìlì.