Ẹ gbà mí o, amp mi ń tan iná pupa!

Ìjẹ̀bú Houston: Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbà mí! Wúfà oní-íǹṣì 12 méjì, àwọn tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, ni mo rà sínú ọkọ̀ mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì (wáyà wíwé tó ń mi wúfà) méjì, ohm 4-4, ìyẹn ohm 4 fún kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan. Mo kó gbogbo ẹ̀ sórí amp kan, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára. Tí fújì bá ti dé ibi tó dùn báyìí, iná pupa, ó dákẹ́ lójijì. Ẹ̀yìn ẹ̀ gbóná débi tí èèyàn lè dín dòdò níbẹ̀. Ọ̀la la ń lọ Dallas fún ìgbéyàwó!

Bàbá Ìbejì Peckham: Pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù lo so gbogbo ẹ̀? Ohm 1 nìyẹn; ohm ni ìdènà iná, bó bá ṣe ń kéré sí i ni iṣẹ́ amp ń pọ̀ sí i. Ohm mélòó ló kéré jù tí amp yẹn lè gbé?

Ìjẹ̀bú Houston: 2 ni mo rí lára ẹ̀, sà. Àmọ́ 1500 wáàtì ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí.

Àǹtí Baltimore: Páálí! RMS, wáàtì tó lè gbé láìdáwọ́ dúró, ni kó o wò, àbúrò mi. Èmi náà gba páálí gbọ́ lọ́jọ́sí. Amp ò lágbára, mo bá yí gain ẹ̀, bọ́tìnnì tó ń mú amp bá agbára rédíò mu, dópin, mo ṣebí fólúùmù ni. Kọ́ìlì jóná. Òórùn ẹ̀ bá aṣọ òkè mi dé òde àríyá.

Ẹ̀gbọ́n Chicago: Ẹ rọra ná. Ibo lo so wáyà dúdú amp, èyí tó ń lọ sára irin ọkọ̀, mọ́?

Ìjẹ̀bú Houston: Nọ́ọ̀tì ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Chicago: O ò ha ọ̀dà ẹ̀, àbí? Ó tán! Irin gidi ni wáyà yẹn gbọ́dọ̀ fara kàn. Amp mẹ́ta ni mo pààrọ̀ kí n tó mọ̀ pé ọ̀dà lásán ló ń ṣe mí.

Bàbá Ìbejì Peckham: Ọ̀dà kọ́, ohm ni! Kó so kọ́ìlì inú wúfà kọ̀ọ̀kan tẹ̀léra, á di 8. Kó wá pa wúfà méjèèjì pọ̀, pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, á di 4. Tó bá lo gbogbo kọ́ìlì wúfà méjèèjì, 2 ò lè jáde láé.

Ẹ̀gbọ́n Chicago: 4 kẹ̀? Ohùn ẹ̀ á wá dà bí ẹ̀fọn.

Àǹtí Baltimore: Ta ló tiẹ̀ ń bi ará Peckham? Títì tí ò gba ọkọ̀ méjì, wúfà kí ni?

Bàbá Ìbejì Peckham: Ẹ̀yin tí yìnyín ò jẹ́ kẹ́ ẹ ṣí gíláàsì ńkọ́? Ta ló ń gbọ́ yín?

Ẹ̀gbọ́n Chicago: Réwáyà mi ní Ládípọ̀ ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ ohm. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ló máa fi kan ẹnu wáyà, á tẹjú mọ́ wúfà: tó bá ta síta, "ó ti dáa", tó bá fà wọlé, á yí wáyà padà. Owó àmàlà ló ń gbà.

Àǹtí Baltimore: Kí lẹ wá ń dárúkọ àmàlà sí ní aago mẹ́wàá alẹ́?

Ìjẹ̀bú Houston: Ẹ̀yin àgbà, ṣé kí n tú u ni àbí kí n ha ọ̀dà?

Àǹtí Baltimore: Dallas yẹn, ṣé wọ́n máa se ewédú?